Àpótí Òrùka Bùkọ́lá

Ọjọ́bọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìyá Bùkọ́lá gbé àpótí òrùka padà wá láàárọ̀ yìí. Ó ní òun máa sún ìgbéyàwó ọmọ òun síwájú.

Akirílíìkì, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ni mo fi ṣe é lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń fá igi, nítorí Bùkọ́lá fẹ́ kí òrùka hàn síta. Ó ń dán nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn àdúrà ìyàsímímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, ó sán káàkiri, bí ẹni pé wọ́n da òwú sínú rẹ̀.

"Bọ̀dá, àdúrà ló tú àṣírí yẹn. Ọlọ́run ò fọwọ́ sí ọkọ yìí."

Mo bi í pé kí ni wọ́n wọ́n sí i.

"Lọ́fíńdà ni. Kí la tún máa wọ́n?"

Sípíríìtì wà nínú lọ́fíńdà. Igi lè gbà á. Akirílíìkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá kò lè gbà á, ṣe ló máa ń sán. N kò bá a jiyàn. Mo fá ègé kan lára akirílíìkì tó ṣẹ́ kù, mo ní kó wọ́n lọ́fíńdà sí i, láìgbàdúrà rárá. A jókòó tì í. Ó sán bíi ti àkọ́kọ́.

"Họ́wù! Ṣé èyí náà fẹ́ gbé ọmọ mi níyàwó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti fá òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Omi ni wọn yóò fi gbàdúrà sí i.

Kó tó kúrò, ó pe Bùkọ́lá lórí fóònù: "Ọjọ́ ò yẹ̀ o. Bá mi kí ọkọ ẹ."

N kò gbọ́ kó kí ọkùnrin náà rí.