Sàlàkọ́ Aláwò, Ìyàwó Rẹ Ń Jowú

Ọdún mẹ́ta rèé, Sàlàkọ́, ọmọ ìyá mi! Ọdún mẹ́ta tí o ti fi wá sílẹ̀ ní Adjamé! Èmi Ràmúlátù, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni ẹbí ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí.

Rufaidah ọmọ rẹ ti wọ yunifásítì ní Cocody. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò kógbá sílé. Mùkàrámà ìyàwó rẹ ṣì ń ta awò ààbò ojú àti ìbòjú fáwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Yopougon. Àmọ́ obìnrin yìí ń jowú o!

Kì í ṣe orogún ló ń jowú. Àwọn oníbàárà ni! Kò sí ẹni tó máa wọlé tí kò ní ròyìn bí o ṣe fọwọ́ ara rẹ wọ awò fún un: bí o ṣe bi í bóyá irin ló ń jó tàbí ásíìdì ló ń dà, bí o ṣe ní kó tẹrí ba, kó rẹ́rìn-ín, kí o lè mọ̀ bóyá àlàfo wà lẹ́bàá imú. Mùkàrámà á fajú ro. Ó ní gbogbo ojú tó wà ní Yopougon ló mọ ọwọ́ rẹ, àmọ́ ìgbà tí òun bá ń gé àlùbọ́sà lo máa ń yọ́ wá fi awò kọ́ òun létí, tí wàá máa rẹ́rìn-ín. Ìtọ́jú lo fún wọn, eré lo fi òun ṣe!

Lọ́jọ́ àdúà ọdún rẹ, Bintou tó ń lọ irin nílé iṣẹ́ kan wá kí wa. Òun náà tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọwọ́ rẹ. Mùkàrámà ò lè pa á mọ́ra mọ́; ó ní kó fi ọkọ òun sílẹ̀ fún òun. Ẹnu ya ọmọ náà.

"Tantie, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Awò tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rà, tonton, ọkọ yín, ò tà á fún mi. Ó ní òun ti dán an wò lójú yín, ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó gé àlùbọ́sà tán. Ó ní èyí tó bá ti ń dun ìyàwó òun létí, òun ò ní fi sójú ọmọ ẹlòmíì, torí àwa òṣìṣẹ́ náà á bọ́ ọ, èérún irin á sì kó sí wa lójú."

Mùkàrámà wọ yàrá lọ mú awò tí o gbé wálé gbẹ̀yìn, èyí tó torí ẹ̀ lé ọ jáde ní kíṣìnì. Ó fi kọ́ etí, ó sì gé gbogbo àlùbọ́sà àdúà tán láìbọ́ ọ. Awò náà dé ojú pa, àlùbọ́sà ò ráyè wọlé. Síbẹ̀ omijé ń dà lábẹ́ rẹ̀.

Sàlàkọ́ o! Àárò rẹ ń sọ wá, a ṣì fẹ́ràn rẹ. Ìyàwó rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ò jowú àwọn oníbàárà mọ́. Ó ní owú ilẹ̀ tó gbà ọ́ lọ́wọ́ òun ló kù tí òun ń jẹ.