Orúkọ Tí Mo Fín Sára Mábù

Màámi, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbá mi mọ́ra láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́,

Mo ti bá yín gbẹ̀san. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu èmi gan-an lẹ ti máa gbọ́ ọ, kí ẹlòmíì má lọ bù mọ́ ọn.

Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá yín ní yunifásítì. Ṣé èèyàn á gbàgbé rẹ̀? Ẹ̀yin ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí láàbù ìwádìí rẹ̀, ẹ sì gbọ́ kẹ́mísírì gbọ́ físíìsì bí ẹni gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Tí a bá ń ṣa ẹ̀wà ní yàrá wa ní Ìkọ̀tún, ẹ máa ń ròyìn iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni ń pàlọ́: bí ẹ ṣe rí i pé òkúta dúdú kan ń tú ìtànṣán tí ojú kò rí jáde, bí ẹ ṣe fi iná àti ásíìdì yọ ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ fi mọ èyí tó ń tàn gan-an. Nígbà tí ìwé ìwádìí náà jáde, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Ìtànṣán yẹn ní tiẹ̀ ò gbàgbé ẹni tó rí i. Ó jó ìka yín títí ẹ ò fi lè de bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé mi mọ́. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n títí pé kó wá ohun ìdáàbòbò. Ó ní kò séwu. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ náà. Kí ló dé tí ẹ ò fi sá, Màámi? Àbí ẹ rò pé ó ṣì máa dárúkọ yín?

Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìdímù, ó gba máíìkì.

"Olùrànlọ́wọ́ gidi ló jẹ́ fún mi."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Kò dà nínú mi.

Iṣẹ́ tí mo wá kọ́ lẹ́yìn yín ni fífín orúkọ sára mábù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìgàndó. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé iṣẹ́ wá láti yunifásítì: wọ́n fẹ́ fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ láàbù tuntun, kí n fín in pé òun ló kọ́kọ́ rí ìtànṣán inú òkúta yẹn. Ẹni tó gbé e wá ò mọ ọmọ ta ni mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo gba iṣẹ́. Orúkọ yín ni mo fín, mo sì fín in jìn. Èmi náà ni mo lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo fi aṣọ bò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí láàbù náà, nígbà tí wọ́n fa aṣọ kúrò lára mábù, gbogbo èèyàn sún mọ́ ọn láti kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kà á láti orí àga onítáyà rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà. Ọmọ rẹ̀ ni mí."

"Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?"

"Orúkọ wo, sà?"

 Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi fóònù ya mábù náà. Ó dùn mọ́ mi, Màámi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ máa ń ní kí n fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Ṣé inú ń bí yín sí mi? Mi ò lè dúró mọ́ ni jàre.

Lánàá, ọmọbìnrin Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn aláṣẹ ti gbà kí orúkọ yín dúró. Ó wá kúnlẹ̀ sínú eruku mábù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fín ti dádì mi sísàlẹ̀. Kó kéré bí ẹ bá ṣe fẹ́. Wọn ò jẹun mọ́."

Ó ṣe mí láàánú. Mo gbé e dìde, mo fún un lómi mu, mo sìn ín dé títì, mo bá a dá ọkọ̀ dúró. Mi ò fín in. Mi ò ní fín in láéláé.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀, tó nífẹ̀ẹ́ yín, tí ọkàn rẹ̀ ò sì tíì rọ̀.