Ìjàpá Ìyá Ràbíù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Kejì, 1981

Èmi ni mo kó gbogbo agboolé jọ sídìí aṣọ lónìí. Irọ́ ni. Ayàwòrán tí ìjọba ní kó wá bá wa gbé ló kó wọn jọ. Èmi kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Aṣọ funfun ńlá kan ni, kí ilé kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀kọ láfún ya tirẹ̀ sí i, kí a tó rẹ ẹ́ láró. Ìyá Ràbíù náà jáde. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, kò bá wa jókòó mọ́. Ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó ya nǹkan roboto.

Mo ní, "Ìyá Ràbíù, ìjàpá rẹ yìí mà sanra o. Iṣu oko ta ló jí jẹ?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìjàpá náà ni, Bàbá. Ẹ ò ṣì í wí." Ó ṣanwọ́, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìjàpá la ń pe irú mọ́tò kékeré tí Ràbíù kú sínú rẹ̀. Mo sọ fún ayàwòrán pé ojú mi ló ti di bàìbàì.

Àyè tirẹ̀ ṣì wà lórí aṣọ, kò parí.

Mo rí táyà rẹ̀. Mo mọ̀ pé mọ́tò ni kí n tó la ẹnu.