Tíṣà Tí A Tọrọ fún Láídé

Ìyá Fàsásì, aya mi àtàtà,

Èmi ọkọ rẹ ti mú kí ìjọba fún ilé-ìwé Láídé, ọmọ-ọmọ wa tí etí rẹ̀ di, lówó! Ó dáa, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí nípàdé àwọn òbí, mo kàn ń pàtẹ́wọ́.

Owó dé sí Ajégúnlẹ̀ lóòótọ́. Tíṣà tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ la tọrọ. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n ṣe.

Mo ní, "Ọ̀gá, etí ni, kì í ṣe ẹsẹ̀!"

Hẹ́dìmásítà ní, "Bàbá, àkàndá ẹ̀dá ṣáà ni gbogbo wọn."

Ewúrẹ́ Nwakaego, aládùúgbò ilé-ìwé, ló ń sùn síbẹ̀ báyìí, bí ìyàwó olóyè.

Bá mi kí ará ilé. Láídé ń kí ọ. Kò lọ sílé-ìwé mọ́ láti oṣù tó kọjá. Ọ̀dọ̀ mi ló ń jókòó sí.