Kọ̀ǹpútà Àtẹ́lẹwọ́ Èyítáyọ̀
Ìyá mi,

Ẹ kú ilé Òṣogbo. Àlàáfíà ni mo wà ní Iperindo. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Iná ibí ni kò mọ́lẹ̀ tó.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ àtijọ́ tí mo ní kí Èyítáyọ̀ àbúrò mi sọ nù? Ó ti kó odindi Bíbélì sínú rẹ̀ fún mi! Bátìrì rìmóòtù méjì ló ń lò, kò wọ́n bíi jígí ojú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Háà, Ọlọ́run tóbi!

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti fẹ́ gba Bíbélì kíkà lọ́wọ́ mi, pé mo ń ṣì í kà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo kà á délẹ̀ geere. Màmá Béjidé ní, "Julianah, ta ló fún ẹ lójú tuntun?"

Ẹ bá mi kí Títílọpẹ́ ọmọ mi. Tó bá ń kọ̀wé sí mi, kó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba. Nítorí iná ibí ni o.

Julianah yín