Yàrá Méjì Lórí Òkè

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá ti ń fúyẹ́, wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Màmá ní ẹ ṣeun fún oògùn ojú.

Ẹ ní kí n ròyìn ìsinmi ìgbéyàwó wa ní òtẹ́ẹ̀lì orí òkè. Ibẹ̀ tutù, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe wọlé, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò wo ewú orí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé màmá yín nìyí?"

Ọkọ mi dáhùn kíá: "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Yàrá méjì la fẹ́."

"Wọ́n" yẹn ló dùn mí jù. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọdún tí mo fi ju ọkọ mi lọ kò tó nǹkan. Mi ò bá a jà. Mo ní, "Àbúrò, bá mi gbé àpótí gòkè." Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wá kanlẹ̀kùn, mo ní, "Àbúrò, lọ sùn."

A ti padà sílé, yàrá ṣì jẹ́ méjì. Lánàá ó dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. Mo ní, "O káre. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n nìyẹn."

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò ìgbéyàwó wa kúrò lára ògiri yín. Àbúrò mi ń kí yín.