Omi Àlùwàlá Lórí Òkè Sóbí

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì

Láti kékeré ni mo ti ń wo Òkè Sóbí láti ilé wa ní Ṣàngó, n kò gùn ún rí àfi lónìí tí Àǹtí Ràmátù, àbúrò bàbá mi, fà mí lọ. Obìnrin tó ti lọ́mọọmọ ń ti orí àpáta kan bọ́ sí òmíràn, èmi ń mí hẹlẹ lẹ́yìn.

Nígbà tá a dókè, mo gbé búta tó gbé dání, mo mu omi inú rẹ̀ tán. Àṣé omi àlùwàlá rẹ̀ ni.

Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó fi erùpẹ̀ ṣe tàyàmọ́mù, ó kírun Alásàrí. Gbogbo Ìlọrin tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ wa.

"Ṣé ó ti sú ẹ?" ló bi mí nígbà tó sálámà.

Òkè mìíràn ni mò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo ti gbé búta méjì sẹ́nu ọ̀nà: tirẹ̀ fún àlùwàlá, tèmi fún òǹgbẹ.